Ìṣípòpadà àti Ìtòlẹ́sẹẹsẹ Atọ́ka Ayélujára Yahoo!, 1994 sí 2014

Ìfáárà

Bí ìwé bá pọ̀ nínú ilé ìkàwé tí kò sí ẹni tí ó tò wọ́n, bí ẹni pé kò sí ìwé níbẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ayélujára rí ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láàrin ọdún 1989 sí 1991 ni Tim Berners-Lee dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ ní ilé ìwádìí CERN, lẹ́bàá ìlú Geneva. Kò pẹ́ tí ojúlé fi ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, tí ó sì ṣòro láti mọ ibi tí ìmọ̀ wà. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn atọ́ka Yahoo! láti fi hàn pé ibi tí a bá to nǹkan sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ àti àṣẹ ni pẹ̀lú.

Ìbẹ̀rẹ̀ àti Ìṣípòpadà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994, Jerry Yang àti David Filo, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ àwọn ojúlé tí wọ́n fẹ́ràn sílẹ̀. Nígbà tí àkọsílẹ̀ náà gùn jù, wọ́n pín in sí ìsọ̀rí. Nígbà tí ìsọ̀rí kún, wọ́n tún pín ìsọ̀rí sí wẹ́wẹ́. Orúkọ Jerry ni wọ́n kọ́kọ́ fi pe atọ́ka náà, kí ó tó di Yahoo! láàrin ọdún kan náà. Orí kọ̀ǹpútà Yang, tí ń jẹ́ Akebono, ni atọ́ka náà wà. Ti Filo, tí ń jẹ́ Konishiki, ni ó ń ṣe iṣẹ́ àṣàwárí. Orúkọ àwọn oníjàkadì sumo méjì ni wọ́n fi sọ wọ́n.

Kí ọdún 1994 tó parí, atọ́ka náà ti rí ọjọ́ kan tí wọ́n ṣí i ní ìgbà mílíọ̀nù kan. Kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ méjì kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, Marc Andreessen, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ Netscape, pè wọ́n kí wọ́n kó àkójọ wọn wá sórí kọ̀ǹpútà ńláńlá ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹta ọdún yìí kan náà ni Yahoo! di ilé-iṣẹ́ lábẹ́ òfin.

Irú ìṣípòpadà báyìí kò dà bí kíkó ẹrù láti ilé kan sí òmíràn. Àdírẹ́sì ni okùn tí ó so ayélujára pọ̀. Bí ó bá yí padà láìsí àmì, ahoro ni ẹni tí ó mọ ti àtijọ́ yóò bá. Àwọn ojúlé inú atọ́ka náà pàápàá ń ṣí kiri, òmíràn sì ń kú. Nítorí náà, àtúntò kò lè parí láéláé.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ

Ní ọdún 1995, Srinija Srinivasan dara pọ̀ mọ́ wọn láti máa darí ètò ìsọ̀rí. Ìsọ̀rí àgbà 14 ni òpó ilé náà; lára wọn ni ẹ̀kọ́, ìjọba, ìlera, okòwò, sáyẹ́ǹsì, àti àwùjọ pẹ̀lú àṣà. Ènìyàn ni ó ń yẹ ojúlé wò kí ó tó pinnu ibi tí yóò wà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan lè yẹ ibi méjì. Àmì @ ni wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn orúkọ ìsọ̀rí kan láti fi hàn pé abẹ́ òmíràn ni ibùjókòó rẹ̀ gan-an wà.

Ẹni tí ó bá mọ Ifá yóò tètè lóye ìṣòro yìí. Ẹ̀sìn ni Ifá; lítíréṣọ̀ ni; ìmọ̀ ìṣègùn sì wà nínú rẹ̀. Abẹ́ èwo ni ibùjókòó rẹ̀, èwo ni yóò sì gba àmì lásán? Ẹni tí ó bá yan ìsọ̀rí fún nǹkan ti yan ojú tí àwọn ẹlòmíràn yóò fi wò ó.

Ìdíje àti Òpin

Ní oṣù kejìlá ọdún 1995, ẹ̀rọ aṣàwárí AltaVista jáde. Ẹ̀rọ ni ó ń kó ojúlé jọ fún un, kì í dúró de olóòtú. Ènìyàn kò lè bá ẹ̀rọ sáré. Ní ọdún 1998, Rich Skrenta àti Bob Truel dá atọ́ka mìíràn sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí DMOZ; àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó ni olóòtú rẹ̀, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ti Yahoo!, ní ọdún 1999 ó bẹ̀rẹ̀ sí gba dọ́là 199 lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó bá fẹ́ kí wọ́n tètè yẹ ojúlé òun wò. Ní ọdún 2000, ó gba Google láti máa pèsè èsì àṣàwárí fún un. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, wọ́n ti atọ́ka Yahoo! pa. DMOZ tẹ̀lé e ní oṣù kẹta ọdún 2017, àwọn kan nínú àwọn olóòtú rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ náà lọ lábẹ́ orúkọ Curlie.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ìdàgbàsókè tí ó sọ atọ́ka náà di pàtàkì ni ó tún borí rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan sọnù. Ẹ̀rọ aṣàwárí ń dá ẹni tí ó mọ ohun tí òun ń wá lóhùn. Atọ́ka ń fi ohun tí ó bá ara tan han ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Yorùbá ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ orúkọ ìlú tí ó ń lọ, báwo ni yóò ṣe béèrè ọ̀nà rẹ̀?