Ìtàn Ilé Oúnjẹ Etí Ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́

Bí àlejò bá béèrè ibi tí wọ́n ti ń jẹun ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ orí ẹni tó bi ló máa pinnu ohun tó máa gbọ́. Àgbàlagbà á ní kó máa lọ sí etí omi, níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tó àádọ́ta ọdún á júwe gáréèjì fún un. Ọ̀dọ́ á nawọ́ sí ojú ọ̀nà Lẹ́kkí. Ohun tó wà nínú ìwé kò sì yanjú ọ̀rọ̀ náà, torí ó fọ́n káàkiri. Òpìtàn kọ nípa ọba àti àdéhùn, òṣìṣẹ́ ìjọba kọ nípa epo pupa, oníròyìn òde òní kọ nípa ọjà ẹja, ìyá olóúnjẹ tí gbogbo wọn jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọn ò kà mọ́ ọn. Ìdí tí mo fi kó wọn jọ síbí nìyẹn. Tí a bá sì tò wọ́n bó ṣe yẹ, kò sí irọ́ nínú ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí èrò bá ti ń sọ̀ ni olóúnjẹ ń gbé ààrò kalẹ̀ sí, ibi tí èrò ti ń sọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ sì ti yí padà ju ìgbà kan lọ.

Bèbè àríwá ọ̀sà ni ìlú náà wà, níbi tí igbó Ìjẹ̀bú ti pàdé omi. Ìtàn Huraka ọdẹ, tí wọ́n ní òun ló tẹ ibẹ̀ dó, oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn ìdílé ń gbà pa á. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún wọn, kò kan ìkòkò. Ohun tó kan ìkòkò ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ gba ewùrà àti kókò, omi ibẹ̀ sì ní ọ̀bọ̀kún, ẹja àrọ̀, ẹpìyà, edé àti akàn. Ibẹ̀ ni ìkọ́kọrẹ́, ọ̀jọ̀jọ̀ àti èbìrìpò ti jáde. Àwọn ará Ìjẹ̀bú Òde àti Rẹ́mọ máa ń bá ará Ẹ̀pẹ́ fa ọ̀rọ̀ lórí ta ló ni ìkọ́kọrẹ́. Ìyẹn ò tó ìjà. Ẹni tó bá ti jẹ èyí tí wọ́n fi ọ̀bọ̀kún tútù sè á mọ ibi tí ó dùn sí jù.

Oúnjẹ títà ti wà kí ẹnikẹ́ni tó fi kálàmù kàn án. Thomas Bowen, oníwàásù Bàtísí ará Amẹ́ríkà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1857, àti Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tó wọ ilẹ̀ wa ní 1859, ròyìn àwọn ọjà Yorùbá tí obìnrin ti ń ta oúnjẹ sísè. Ìlú òkè ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe etí ọ̀sà. Síbẹ̀, ìlú tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ni irú òwò bẹ́ẹ̀ máa ń yá jù, nítorí atukọ̀ kì í gbé ìyàwó dání.

Ìgbà Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, ni a mọ̀ jù nínú ìtàn Ẹ̀pẹ́, kò sì yẹ ká sáré kọjá níbẹ̀. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n dá Akítóyè padà sí i. Kòsọ́kọ́ kó àwọn ìjòyè, jagunjagun, oníṣòwò àti ẹrú rẹ̀ sọ́kọ̀, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ sì gbà kí ó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Oṣòdì Tápà, tó jẹ́ balógun rẹ̀, wà lára wọn. Kì í ṣe ìdílé kan tàbí méjì ló dé lọ́jọ́ náà, ìlú kan ló ya wọ inú ìlú mìíràn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, Kòsọ́kọ́ àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì (ẹ má fi í pe Campbell ti ìṣáájú), tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ ò ní du Èkó mọ́. Gẹ̀ẹ́sì sì gbà pé Palma, létí òkun, jẹ́ èbúté tirẹ̀. Òwò epo pupa wá lágbára ní ọ̀nà ibẹ̀, ó ń lọ bá ọkọ̀ òyìnbó láì gba ọwọ́ ọba Èkó kọjá.

Ẹni tó ń wá ìbẹ̀rẹ̀ ilé oúnjẹ Ẹ̀pẹ́, ọdún bíi mẹ́wàá tí Kòsọ́kọ́ lò níbẹ̀ ni kó ti wá a. Ìlú kún fún ọkùnrin tí kò ní ààrò tirẹ̀: atukọ̀, aláàárù, ọmọ ogun tó ń retí ogun, oníṣòwò tí ẹrù rẹ̀ ò tíì délẹ̀. Irú wọn ò lè jókòó de ìkọ́kọrẹ́. Ẹ̀kọ tútù nínú ewé ló yẹ wọ́n, pẹ̀lú àkàrà tàbí ẹja yíyan, kí wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìdúró kí ọkọ̀ tó ṣí. Àwọn kan fẹ́ kí a gbà pé àwọn ará Èkó ni wọ́n kọ́ Ẹ̀pẹ́ ní oúnjẹ títà. Mi ò gbà. Oníbàárà ni Èkó kó wá. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ti wà lórí iná wọn tẹ́lẹ̀.

Ohun tí wọ́n kó wá tó sì hàn títí di òní ni ẹ̀sìn. Púpọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀lé Kòsọ́kọ́ jẹ́ Mùsùlùmí, ọwọ́ wọn sì ni Ìsìláàmù ti rẹsẹ̀ walẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Nínú ààwẹ̀ Ramadan, iná olóúnjẹ kì í jó lọ́sàn-án bó ṣe ń jó tẹ́lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀kọ gbígbóná, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín ń bo ojú títì. Lẹ́yìn Iléyá, àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́, ìran àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ dé, ń ṣe Káyó-káyó ní ìrántí ọjọ́ tí Kòsọ́kọ́ gúnlẹ̀. Orúkọ àjọ̀dún náà ti sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àlejò tó bá bọ́ sí àsìkò yẹn kò ní láti wá bùkà, ilé tó bá yà sí ni yóò ti jẹun.

Àríyànjiyàn tó yẹ ká fara balẹ̀ wò ni ti ẹ̀bà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti ìwáṣẹ̀ ni Ìjẹ̀bú ti ń jẹ gààrí, a sì lè rí ohun tó mú wọn rò bẹ́ẹ̀, torí kò sí gààrí tí orúkọ rẹ̀ dún tó ti Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun Áfíríkà. Dídé rẹ̀ nìkan kò tó, nítorí ẹ̀gẹ́ mìíràn ní oró, ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ti ń rin ín, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n ń yan án, kò lè fi ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn kan ní láti ìhà Dàhòmì àti Bìní ni ìmọ̀ yìí ti rọra wọlé láti ayé àtijọ́. Àwọn mìíràn gbé e fún àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà wá sí Èkó láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ fàrínà dáadáa lọ́hùn-ún. Ó ṣeé ṣe kí ti àkọ́kọ́ náà jẹ́ òótọ́, ìmọ̀ kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n lórí bí gààrí ṣe di oúnjẹ tí a ń rà láràárọ̀ létí ọ̀sà, ti àwọn Àgùdà ni mo fara mọ́, nítorí àsìkò wọn bá ìgbà tí èrò ọkọ̀ pọ̀ mu. Oúnjẹ èrò ọkọ̀ gan-an sì ni gààrí. Kò fẹ́ iná, kò tètè bàjẹ́, omi tútù àti ẹja díndín kan ti tó o.

Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Kòsọ́kọ́ padà sílé ní 1862, Oṣòdì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ní Erékùṣù Èkó. Àwọn tí kò bá wọn lọ ni Èkó Ẹ̀pẹ́, àwọn onílẹ̀ sì ni Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́; aáwọ̀ àárín ìhà méjèèjì gùn, mi ò ní tú u síbí. Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ẹ̀pẹ́ ní 1863. Lóṣù Karùn-ún 1892, Ẹ̀pẹ́ yìí kan náà ni ọmọ ogun tí Francis Scott, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kó sòdí gbà gòkè lọ pàdé Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn.

Lẹ́yìn ogun náà, ọjà Èjìnrìn tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́ ṣì ń gba èrò Èkó àti ti Ìjẹ̀bú, títí rélùwéè fi dé Ìbàdàn ní 1901, tí mọ́tò sì tẹ̀lé e, ọlá rẹ̀ wá rọlẹ̀. Láti ìgbà náà títí a fi gba òmìnira, ọkọ̀ ojú omi ń ná Èkó sí Ẹ̀pẹ́, olóúnjẹ sì ń dúró dè é ní èbúté.

Títì ló gba oúnjẹ lọ́wọ́ omi. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ẹ̀pẹ́ wọ inú rẹ̀. Ọ̀nà Ìkòròdú tó gba Ìtóìkín, àti ti Lẹ́kkí ní àwọn ọdún 1980, gbé èrò kúrò ní èbúté lọ sí gáréèjì. Bùkà onípáànù yọ síbẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì gígùn, abọ́ omi ìwẹwọ́, ẹ̀bà, fùfú, ìrẹsì, ọbẹ̀ ata àti ẹ̀fọ́. Awakọ̀ ò sì ní sùúrù ju atukọ̀ lọ.

Àkókò yẹn náà ni omi rí ìpọ́njú. Ní 1984, koríko orí omi tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò wọ ojú omi wa láti ìhà Àgbádárìgì, ó sì tàn dé Ẹ̀pẹ́. Ó dí ọ̀nà ọkọ̀, ó ń ya àwọ̀n, ó ń lé apẹja padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Àwọn tó ń wa iyanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà tún wá dá kún un. Ẹja inú yìnyín, títù àti kòtè pẹ̀lú pańla, ní tirẹ̀ ti wà lọ́jà ní gbogbo ìgbà, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ìlú tó wà létí ọ̀sà, àwo oúnjẹ tí kò wọ́n ní bùkà, títù tó ti òkè òkun wá ló sábà wà nínú rẹ̀. Ẹja àrọ̀ pàápàá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti di ọmọ adágún àtọwọ́dá. Ẹni tó bá fẹ́ ti ọ̀sà, kó bi àwọn olóúnjẹ: "Ìyá, ẹja ọ̀sà lẹ sè àbí ti yìnyín?" Wọn kì í bínú sí i, wọ́n kàn máa ń sọ iye tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ni.

Ọjà Olúwo ni a kò lè fò nínú ọ̀rọ̀ òde òní. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀: ẹja òòyẹ̀, ẹja yíyan, akàn, ìgbín, ẹran ìgbẹ́. Ẹni tó bá ra ẹja, àwọn kan wà nítòsí tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n ha ìpẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gé e, kí wọ́n fọ̀ ọ́, ẹ ó sì san owó iṣẹ́ wọn. Àárọ̀ ló dára jù láti lọ, kí oòrùn tó mú ẹja.

Ní ti àwọn nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo kàn máa dárúkọ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ló sọ ìrẹsì àti ẹ̀wà aláàárọ̀ di òwò ńlá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wọn. Èbúté Lẹ́kkí àti ilé ìfọpo Dangote, tí wọ́n ṣí méjèèjì ní 2023 ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, da òṣìṣẹ́ láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà sí ojú ọ̀nà náà. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo, owó ọkọ̀ gòkè, owó ẹ̀bà sì tẹ̀lé e. Ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín àti ṣàwámà ń yọ lẹ́bàá ọ̀nà Lẹ́kkí, jẹnẹrétọ̀ wọn kì í dákẹ́ lóru.