Tẹ 2 fún Yorùbá: ta ló kọ́ àwọn ìyá wa ní fóònù?

Thread yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ mọ àwọn àpótí kéékèèké tó máa ń yọ jáde tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí app tuntun? "Tẹ ibí. Ó káre. Ó ku méjì." Onboarding ni àwa tó ń ṣe app ń pè é. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn, ọmọ Ògìdì nílẹ̀ Ìjùmú sì ni mí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé nílé wa, onboarding ò sí nínú fóònù. Ẹnu èèyàn ló wà. Ó sì ná àwọn àgbà wa lówó.

Àwọn òyìnbó pàápàá ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí Apple gbé Macintosh jáde ní 1984, kásẹ́ẹ̀tì wà nínú páálí rẹ̀. Ẹ ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, ohùn kan á máa ṣàlàyé ohun tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Ní 1990, Microsoft fi Solitaire, eré káàdì yẹn, sínú Windows 3.0. Ẹ má rò pé eré lásán ni o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi máúsì wọ́ nǹkan láti ibì kan lọ síbòmíì, eré náà ló kọ́ wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni Clippy dé nínú Office 97, wáyà ìdìwé olójú ńlá tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ tí ò kàn án. Ó sú gbogbo ayé. Nígbà tí Office 2007 máa fi jáde, wọ́n ti lé e dànù, ó sì tọ́ sí i.

Ní tiwa, August 2001 ni GSM dé. Econet àti MTN ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìlú ńlá bí Èkó àti Àbújá ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ó pẹ́ kó tó kan àwọn ìlú kéékèèké lápá Kabba bíi tiwa. Ìpè ìṣẹ́jú kan, náírà 50. Tí ẹ bá fi sẹ́kọ́ǹdì kan lé ìṣẹ́jú kan, owó ìṣẹ́jú méjì lẹ máa san, àfi ìgbà tí Glo dé ní 2003 tó ń ka owó ní sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ta ló máa fi náírà 50 dánra wò?

Ẹ wá wo káàdì ìgbà yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ máa ha ojú rẹ̀, ẹ máa tẹ *555*, ẹ máa tẹ nọ́ńbà gígùn yẹn láìfo ọ̀kan, ẹ máa fi # dé e, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé. Ta ló sọ fún ìyá tó ń ta iṣu pé ohun tó dà bí ọgbà yẹn ń jẹ́ hash? Obìnrin abẹ́ agbòòrùn ni. Ẹ rántí wọn, àbí? Tábìlì kékeré, àga oníke, agbòòrùn aláwọ̀ ìyeyè, fóònù kan tí gbogbo àdúgbò fi ń pè. Ó ta káàdì fún ẹ, ó ha á, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó sọ iye tó kù fún ẹ. Òun náà ló kọ́ ẹ ní flash, kí o gé ìpè kó tó di owó. Ìyẹn ò sí nínú ìwé kankan tó bá fóònù wá látinú páálí.

Ní Kẹ́ńyà, wọ́n mọ̀ pé èèyàn ló máa kọ́ èèyàn. Nígbà tí Safaricom gbé M-Pesa jáde ní March 2007, àwọn aṣojú inú ṣọ́ọ̀bù wà nínú ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ló ń forúkọ oníbàárà sílẹ̀, wọ́n sì ń gbowó lórí rẹ̀. Àmọ́ oníbàárà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ PIN, lórí fóònù tiẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Torí báńkì wọ inú fóònù tiwa náà, kóòdù oníràwọ̀ lóríṣiríṣi. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ojú ìwé USSD kan ò lè gbà ju lẹ́tà 182 lọ. Àwọn tó ṣe GSM ní Yúróòpù ní àkójọ lẹ́tà kan. à, è, ì, ò, ù wà nínú rẹ̀, èdè bíi ti Ítálì ń lò wọ́n. Ẹ, ọ àti ṣ ò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá fi ọ kan ṣoṣo sínú ọ̀rọ̀ yín, gbogbo ojú ìwé náà máa já sí lẹ́tà 80. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀: 160 á di 70. Bí ẹ bá wá kọ ọ́ láìsí àmì, "owo" lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọwọ́, ó lè jẹ́ òwò, ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ owó ẹni! Ẹni tó ń kọ mẹ́nù á wò ó, á kọ Gẹ̀ẹ́sì, á lọ sùn.

Ohùn ilé-iṣẹ́ fóònù tó ń ní ká tẹ nọ́ńbà kan fún Yorùbá ńkọ́? Ó dáa, mi ò bú wọn. Àmọ́ Yorùbá inú ìwé ni. Àwọn àgbà Ògìdì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn rédíò ni. Nígbà tí wọ́n bá fi máa túmọ̀ rẹ̀ tán nínú orí wọn, ohùn ti bọ́ sórí ìkejì. Mẹ́nù báńkì ò tiẹ̀ ń dúró, á kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, ọmọ tó bá wà nítòsí ló di mẹ́nù. Obìnrin abẹ́ agbòòrùn mọ nọ́ńbà káàdì yín, káàdì tó ti jó tán. Ọmọ tó ń bá yín tẹ báńkì mọ PIN yín.

Ìdánwò dé lójijì. October 26, 2022, CBN ní àwọn máa pààrọ̀ owó náírà. Wọ́n fi January 31, 2023 ṣe gbèdéke, wọ́n sún un sí February 10. Owó pòórá. Ẹni tí ò fọwọ́ kan transfer rí di ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó ra gààrí. Èmi fúnra mi dúró níbi tí ìyá àgbà mi ti pe PIN rẹ̀ sókè fún ọmọ POS, lójú gbogbo èrò tó tò, bí ẹni ń ki ọmọ rẹ̀. Kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, ₦18,000 ti fò lọ nínú àkáǹtì náà. Ní báńkì, wọ́n ní kí ló dé tó fi sọ PIN fún èèyàn. Ta ni ó fẹ́ sọ ọ́ fún? Ẹ̀rọ ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ó bí mi nínú torí pé ìlú tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ nìlú wa. Nike Davies-Okundaye, Mama Nike yín, Ògìdì ló dàgbà sí. Àwọn ìyá àgbà tó tọ́ ọ ló kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ híhun, kò lọ iléèwé iṣẹ́ ọnà kankan. Ní 1983 ó ṣí ibi ìkọ́ṣẹ́ ọ̀fẹ́ sí Òṣogbo, ó sì ṣe ti aṣọ híhun sí Ògìdì. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni òwú wà. Ìyá tó ń kọ́ ọ jókòó tì í. Tó bá ṣì í hun, wọ́n á ní kó tú u, kó tún un hun. Kò sẹ́ni tó ń gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀ pé "mú un wá, jẹ́ n bá ẹ ṣe é."

Ohun kan wà tí àwọn báńkì wa ṣe dáadáa, a kì í yìn wọ́n tó. Láti 2011 tí NIBSS ti gbé NIP jáde, tí ẹ bá kọ nọ́ńbà àkáǹtì tán, orúkọ oní-nǹkan á jáde kí owó tó lọ. Orúkọ Yorùbá, ìyá tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń bi í ní ìbéèrè tó lè dáhùn fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ ní pálọ̀ ìyá àgbà: Ẹ tẹ kóòdù. Ẹ dúró. Ẹ tẹ 1. Ẹ dúró. Ẹ kọ iye. Ẹ wo orúkọ, ṣé òun ni? Tí kì í bá ṣe òun, ẹ tẹ pupa, owó ò tíì lọ. PIN, ẹ̀yin nìkan.

Ìgbà àkọ́kọ́, ₦50 ló fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í, kò fọwọ́ kan fóònù náà. Lánàá ó fi ₦200 ránṣẹ́ sí èmi náà. Mo pè é pé kí ni kí n fi ṣe, ó ní òun kàn ń wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni.