Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìtìjú ara mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, ní Ìlasà-Èkìtì. Àìsàn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma ti gba ojú mi méjèèjì, foonu tó ń sọ̀rọ̀ ni mo sì fi ń kàwé báyìí. Bí ìwé kan bá wọlé, màá fi ìka kàn án, ohùn obìnrin kan á sì kà á sí mi létí. Ohùn òyìnbó ni. Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin mi tó wà l'Ékòó kọ̀wé sí mi pé: "Bàbá, mo ti rí ọkọ̀. À ń bọ̀ nílé ní Sátidé." Ohun tí èmi gbọ́ ni pé ó ti rí ọkọ. Ẹ má bi mí bí inú mi ti dùn tó! Ọmọ náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti pẹ́ tí èmi àti ìyá rẹ̀ ti ń gbàdúrà ọkọ fún un. Mo ránṣẹ́ pe àbúrò mi, mo ní kí wọ́n pa òbúkọ, mo ní kí wọ́n gún iyán. Nígbà tó di Sátidé, bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, òun àti dẹ́rẹ́bà tó bá a wà á wálé. Ọkọ̀ òwò ni ọmọ fi owó àjọ rẹ̀ rà.

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín títí, èmi náà bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n nígbà tó di òru, mo gbọ́ tí ọmọ mi ń sunkún nínú yàrá. Ohun tí à ń gbàdúrà lé lórí ní kọ̀rọ̀ ti di ohun tí gbogbo agbo ilé fi ń jẹ iyán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní kí ọmọ-ọmọ mi bá mi kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ohùn náà. N kò ní dárúkọ wọn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà lọ́dọ̀ tiwa: ọ̀kan ń fẹ́ ìyàwó, ọ̀kan ń gbé èrò, ọ̀kan ń ro ilẹ̀, ọ̀kan sì ń gún ẹran. N kò sọ ti ọmọ mi fún wọn, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ni. Èsì tí mo rí gbà kò ju ìlà méjì lọ: wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Láti ìgbà náà, kẹ́kẹ́ pa. Ni ọmọ-ọmọ mi bá ní, "Bàbá àgbà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ta ni yóò torí ẹnìkan ní Ìlasà tún ẹ̀rọ ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Olùkọ́ ìtàn ni mí kí ojú mi tó lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí wádìí: ǹjẹ́ ìráhùn ẹni tó ń lo nǹkan ti yí ọwọ́ ẹni tó ṣe é padà rí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1821, ọkùnrin kan tó ti ṣe ológun rí, Charles Barbier, mú ọ̀nà ìkọ̀wé tuntun wá sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ afọ́jú ní Paris. Kókó kéékèèké tó yọ sókè lára ìwé ni wọn yóò máa fi ìka kà. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n Barbier ríran. Ó rọrùn láti fi ojú wo ohun tó ṣe, ìka kò rí i bẹ́ẹ̀. Kókó inú àmì kan lè tó 12, ìka ọmọdé kò sì lè bo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yàtọ̀ sí èyí, ìró ọ̀rọ̀ nìkan ló ń kọ, kò sí ti pé à ń kọ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ nínú ìwé.

Ọmọ ọdún 12 ni Louis Braille nígbà náà, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bí i ní ọdún 1809. Irin ṣóńṣó tí bàbá rẹ̀ tó ń ṣe gàárì ẹṣin fi ń lu awọ ló gún un lójú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Òun ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta. Ó gé kókó 12 náà kù sí 6, kí ìka kan lè bo àmì kan pátá, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1829. Barbier alára kọ lẹ́tà sí i nígbà tó yá, ó yìn ín. Àwọn aláṣẹ ni kò tètè gbọ́. Ìgbà kan wà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò fẹ́ ẹ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ó ní ìkọ̀kọ̀. Braille kú ní ọdún 1852. Ọdún 1854 ni ìjọba Faransé tó gbà á. Ẹ ò rí i pé ìráhùn lè pẹ́ ju ẹni tó ráhùn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọdá sí Amẹ́ríkà. Ní oṣù January ọdún 1976, Ray Kurzweil gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń ka ìwé títẹ̀ sókè. Ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú ilẹ̀ náà ti bá a dán an wò, wọ́n sì ti sọ ibi tó yẹ kó tún ṣe fún un. Stevie Wonder, olórin afọ́jú tí gbogbo wa mọ̀, gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì rà á. Wọ́n di ọ̀rẹ́. Nígbà tó yá, Stevie Wonder sọ fún un pé ohùn àwọn dùùrù oníná kò tó ti dùùrù gidi. Láti inú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ méjì yìí ni Kurzweil ti dá ilé-iṣẹ́ dùùrù sílẹ̀ ní ọdún 1982, tí dùùrù tuntun sì jáde ní 1984. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ mà ń ṣiṣẹ́ o! Àmọ́ Stevie Wonder ni. Bí èmi bá tẹ̀ wọ́n láago láti Ìlasà, ta ni yóò gbé e?

Ọ̀rọ̀ Ted Henter ló tù mí nínú. Ẹ́ńjíníà ni, ó sì ń fi alùpùpù díje, kí jàǹbá mọ́tò tó fọ́ ọ lójú ní ọdún 1978. Ó gba kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe é: èyí kò ṣiṣẹ́, tọ̀hún ńkọ́? Ó pè wọ́n títí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Lẹ́yìn náà, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì gbé JAWS jáde ní ọdún 1989, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Oníráhùn ti di oníṣẹ́.

Ṣùgbọ́n owó JAWS kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2006, akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú kan ní Ọsirélíà, Michael Curran, ní kò tọ́ kí afọ́jú sanwó ju aríran lọ kó tó lè lo kọ̀ǹpútà. Ó bẹ̀rẹ̀ NVDA, James Teh tí òun náà jẹ́ afọ́jú sì bá a ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé gbangba ni wọ́n ń kó ẹ̀sùn jọ sí. Ohun tí ẹnìkan bá ráhùn lé lórí, gbogbo ayé lè kà á, kí wọ́n sì ní "èmi náà".

Níbí ni ojú inú mi ti là. Lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ dára. Ó ń bo àṣírí, kì í dójú ti ẹni tó ṣe ẹ̀rọ. Àmọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè kọ ẹgbẹ̀rún lẹ́tà, kí kálukú jókòó sílé kó máa rò pé òun nìkan ni. Ilé-iṣẹ́ nìkan ló mọ̀ pé wọ́n pọ̀.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan tó kàwé nílé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti kọ tèmi! Èmi náà rí ìlà méjì gbà." Ẹ gbọ́ ná! Láti ìgbà tí à ń kí ara wa, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnìkejì.

Lóòótọ́, láti oṣù January ọdún 2019 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àbùkù ara yan ẹlòmíràn sẹ́yìn. Òfin fún wa lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwa la ó fi ẹnu náà sọ̀rọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwa márùn-ún ti wá kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, a fọwọ́ sí i, a tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, a sì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á.

Ọmọbìnrin mi ló bá wa kọ ọ́. Nígbà tó parí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ fi ti ọkọ̀ mi sí i."

Mo ní, "Ṣé kò ní dùn ọ́?"

Ó ní, "Ó ti dùn mí tẹ́lẹ̀. Kó má dun ẹlòmíràn mọ́."

Èsì kò tíì dé. A ó tún kọ òmíràn.