Yábàá àti Àrò: Ta Ló Sanwó, Ta Ló Ń Ṣọ́ Ọ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ owó wà nínú òwe yìí pẹ̀lú: ẹni tó bí i ni yóò bọ́ ọ, òun náà ni yóò wá owó oníṣègùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà lókè òkun ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí à ń fowó ìtọ́jú ránṣẹ́ sí ẹbí kan nílé. Nígbà tí ìjọba wá ní òun yóò bá wa gbé ẹrù yìí, báwo ló ṣe ná owó rẹ̀, ta ló sì ń ṣọ́ ọ bó ṣe ń ná an?

Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé, agbo ilé adáhunṣe ni ilé ìwòsàn. Aláìsàn a máa gbé ibẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún, ẹbí rẹ̀ a sì máa gbé oúnjẹ àti owó wá. A kò ní bo ọ̀rọ̀ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán mọ́lẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó mọ ẹnu ọ̀nà ilé náà.

Ní 31 Oṣù Kẹwàá 1907 ni ìjọba ṣí ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá, lẹ́yìn èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Kàlàbá. Ibi ìpamọ́ ni. Kò sí dókítà tó kọ́ṣẹ́ àrùn ọpọlọ níbẹ̀. Ohun tí ìjọba ń wá ni pé kí ojú títì mọ́. Òfin ọdún 1916 là á kalẹ̀ bí dókítà àti adájọ́ yóò ṣe fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ti ènìyàn mọ́lé. Bí onítọ̀hún yóò ṣe gbádùn kò jẹ ẹ́ lógún tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí alábẹ̀wò o. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, Dókítà Bruce Home wo àwọn ilé wọ̀nyí, ó sì dá a lábàá pé kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn gidi. Ìjábọ̀ Dókítà Robert Cunyngham Brown tẹ̀ lé e ní 1938, òun náà kò sì fi ìyà tó wà níbẹ̀ pa mọ́. Àwọn alábẹ̀wò yìí lójú, ṣùgbọ́n kò sí àṣẹ lọ́wọ́ wọn lórí àpò ìjọba. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa ti ojú ogun bọ̀ pẹ̀lú àrùn ọpọlọ, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Láńtòrò, Abẹ́òkúta, ni wọ́n sọ di ilé ìtọ́jú ní 1944.

Àrò ló yí nǹkan padà. Títí dòní, bí ọmọdé bá ń ṣe wérewère, "Ṣé ká gbé ọ lọ sí Àrò ni?" là ń wí, bí ẹni pé ibi ìtìjú ni. Ibi ìyangàn ló yẹ kó jẹ́. Ní 1954, nígbà tí iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà kò tíì parí, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ní Birmingham, kò jókòó de àwọn bíríkìlà. Ó bá àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká ṣe àdéhùn pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé bí ayálégbé. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó, tí yóò máa dáná, tí yóò máa fọṣọ, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Àwọn ará abúlé ń rí owó ilé gbà, wọ́n sì rí omi ẹ̀rọ àti ṣáláńgá.

Lambo máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ètò yìí kò gbówó lórí tó kíkọ́ wọ́ọ̀dù. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ìwé ìṣirò ìjọba nìkan là ń wò. Ṣùgbọ́n ìyá tó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà, tó lọ ń dáná ní abúlé tí kì í ṣe tirẹ̀, ta ló kọ àdánù rẹ̀ sílẹ̀? Apá kan nínú owó náà kò dín kù rárá. Ọrùn ẹbí ló bọ́ sí. Síbẹ̀, ìyá yìí kan náà ló máa mọ̀ bí wọ́n bá gbàgbé abẹ́rẹ́, òun ló máa pariwo bí ẹnikẹ́ni bá gbá ọmọ rẹ̀ létí. Ojú tí Yábàá kò ní láti 1907, Àrò rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Òkìkí ètò abúlé náà kàn káàkiri ayé, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ńlá ni owó ń tọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ìjábọ̀ àjọ yẹn lórí Nàìjíríà jáde ní 2006, ìdá 3.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún owó ìlera ìjọba ló ń lọ sí àrùn ọpọlọ, àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ńláńlá sì ń gba ohun tó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ní 2019, Human Rights Watch tún kéde pé àwọn rí ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ní ilé ìjọba, ti oníṣègùn ìbílẹ̀, ti Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí. Oṣù Kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò ti àwọn òyìnbó. Òfin náà dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìlera ọpọlọ. Kí wọ́n ṣáà máa fi owó sínú àpò náà.

Ní tiwa, tí à ń fowó ránṣẹ́, ìdajì iṣẹ́ ìyá Àrò yẹn là ń ṣe, ìdajì tó rọrùn. Èyí tó kù ni kí ẹnì kan nínú ẹbí máa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, láìsọ tẹ́lẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kó bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kó gba rìsíìtì, kó sì pè wá lórí fóònù kó tó kúrò níbẹ̀.