Ojú Àpá Kì í Jọ Ojú Ara: Àìlera tí Àjàkálẹ̀ Àrùn ń Fi Sílẹ̀ ní Èkó

Yorùbá kì í ka ẹni tí àrùn fi sílẹ̀ mọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le. A lè sọ pé ènìyàn ti dìde lórí ibùsùn àìsàn, kí a sì fi kún un pé ara rẹ̀ kò tíì mókun. Àkọsílẹ̀ ìtàn wa kò tẹ̀lé ìyàtọ̀ yìí. Ó ka òkú, ó ka ẹni tí ilé ìwòsàn dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fo ẹni tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró sí Costain kí a fi wo ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀, tí ó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀nà Sùúrùlérè, Àpápá, Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́tà àti Erékùṣù Èkó ti pàdé. Awakọ̀, alábàárù àti àwọn tí ń kiri ọjà ń fi agbára ara wá oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tí ara bá kọ iṣẹ́, owó tán nìyẹn.

Ìdó, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti máa ń gbéra láyé àtijọ́, kò jìnnà sí ibẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ ojú omi Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Accra pẹ̀lú àwọn tí àrùn ìnfúlúẹ́ńsà ń bá jà. Àrùn náà bá ọkọ̀ ojú irin wọ àárín ilẹ̀ lọ. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà, nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 18. Bí a bá béèrè àwọn tí ó yè ṣùgbọ́n tí ara wọn kò padà bọ̀ sípò, ìwé kò dáhùn. Ipasẹ̀ ni a lè fi wá wọn: ní 1981, Don Ohadike ṣàlàyé pé àìtó òṣìṣẹ́ lẹ́yìn àjàkálẹ̀ náà wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ará ìsàlẹ̀ Odò Ọya gba ẹ̀gẹ́ gbìn, nítorí ẹ̀gẹ́ kò gba agbára tó iṣu.

Ní 2014, Ẹbólà mú 20 ènìyàn ní Nàìjíríà. 8 kú, 12 yè. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ìròyìn sì parí. Ṣùgbọ́n ìwádìí lórí àwọn tí ó yè é ní Làìbéríà fi hàn pé oríkèé ríro, orí fífọ́, àárẹ̀, ìgbàgbé àti àrùn ojú ṣì ń bá wọn gbé.

Oṣù Kejì 2020 ni a rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní kòrónà ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn àrùn ríràn ní Yábàá ni a sì ti tọ́jú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn dókítà Èkó bi àwọn tí a ti dá sílẹ̀ léèrè. Nínú 274 tí wọ́n yẹ̀ wò, 112 ṣì ní àmì àìsàn. Àárẹ̀ àti orí fífọ́ ni ó pọ̀ jù, àyà dídùn sì tẹ̀lé e. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 2021.

Ẹnìkan lè wí pé ibà, àìjẹunkánú àti wàhálà Èkó náà a máa fa àárẹ̀. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa bi ènìyàn léèrè, kí a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Alábàárù tí kò lè gbé ẹrù àná mọ́, tí kò sì ní ìwé kankan tí ó jẹ́rìí sí i, ọ̀lẹ ni aládùúgbò yóò pè é, àbí kí wọ́n ní ayé ń ṣe é.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà àti òpìtàn jọ ṣí ìwé kejì, èyí tí a óò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọjọ́ tí ìwé ilé ìwòsàn bá parí. Ìbéèrè rẹ̀ kò ṣòro, àárọ̀ àárọ̀ ni a ń bi ara wa: ṣé ara le? Kí a kàn dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ ni ó kù.