Láti Abẹ́ Olúmọ dé Ìtòkú

Ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ gba orí afárá odò Ògùn wá bá wa yọ̀, ẹ kú àbọ̀ sí Abẹ́òkúta. Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn baba wa dé abẹ́ Olúmọ, lẹ́yìn tí ogun ti tú ilé Ẹ̀gbá ká. Ní ìlú yìí kan náà ni Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859.

Àpáta ni gbogbo àlejò ń sáré lọ gùn. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ yà sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ. Àwọn ìyá wa a máa fi okùn so aṣọ, tàbí kí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i lára, kí wọ́n tó rì í sínú aró ẹlú. Aró kì í mú ibi tí ẹ̀kọ bá bò. Ibẹ̀ ni ọnà ti ń yọ.

Nísinsìnyí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó kàn fara jọ àdìrẹ, ti gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwa náà jẹ̀bi: irú rẹ̀ la dá nígbà tí ẹgbẹ́ wa pé ọdún márùn-ún. Tọ̀tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ aláró la lọ. Ó wọ́n, àwọn kan sì kùn ní ìpàdé. Òun ló wà lọ́rùn wa lónìí yìí.