ìpíndọ́gba

Ẹ̀yà ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀-orúkọ.
Ohùn: dò – mí – mí – re.
Ìpìlẹ̀: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- + pín + dọ́gba.

Ìtumọ̀

1. Pípín nǹkan fún ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìpín ẹnì kan má ju ti ẹnì kejì lọ. Àpẹẹrẹ: Ìpíndọ́gba ni wọ́n ṣe oko náà fún àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

2. Nínú ìṣirò: iye tó jáde nígbà tí a bá ro gbogbo iye pọ̀, tí a sì fi iye ohun tí a kà pín àpapọ̀ rẹ̀. Àpẹẹrẹ: Máàkì àwọn mẹ́ta náà ni 40, 55 àti 70; ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 55.

Ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn: àròpín, tí àwọn òǹkọ̀wé kan ń lò fún ìtumọ̀ kejì nìkan. Kò yẹ kí a fi iye àárín rọ́pò rẹ̀. Bí iye mẹ́ta bá jẹ́ 40, 45 àti 95, iye àárín ni 45, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ni 60.

ÀKÍYÈSÍ ÌLÒ

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣòro

Ìtumọ̀ kejì ni olùtumọ̀ sábà máa ń bá pàdé nínú ìwé ìwádìí. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ibi tí Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin wà ní Ìjàgun lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde láti ọdún 2005, tí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ sì wà ní Àgọ́-Ìwòyè, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́ kíláàsì kan lọ́nà kan, a kọ́ kíláàsì kejì lọ́nà mìíràn, a fún àwọn méjèèjì ní ìdánwò kan náà, a sì ní kí kọ̀ǹpútà fi ìpíndọ́gba wọn wéra. Ètò SPSS, tó ti wà láti ọdún 1968, tàbí R, tí a kì í sanwó fún, ló sábà máa ń ṣe ìṣirò náà. Gẹ̀ẹ́sì ni èsì rẹ̀ máa ń jáde. Bí olùtumọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan lò, ohun tí olùkọ́ tàbí òbí yóò gbà gbọ́ lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ìṣirò sọ.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àfiwé ìsọ̀rí ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ dúró lé. Ẹni tó bá ṣe àṣìtumọ̀ àfiwé bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ kan ìpinnu lórí èdè tí ọmọ yóò fi kàwé.

Ẹgbẹ́ tàbí ìsọ̀rí?

Àwọn tí a fi ń ṣe àfiwé ni ìsọ̀rí tàbí ọ̀wọ́. Ẹgbẹ́ kò burú, ṣùgbọ́n ó mú àjọṣe lọ́wọ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá gbọ́ ẹgbẹ́ lè rántí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn tí a bí láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn, tí wọ́n ń wọ aṣọ kan náà lọ sí Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá. Àwọn ọmọ tí olùwádìí pín sí méjì kò yan ara wọn, wọn kò sì bá ara wọn ṣe ìmùlẹ̀. Ìsọ̀rí ló yẹ wọ́n.

Kíka tábìlì èsì

Èyí jẹ́ àpẹẹrẹ tí a gbé kalẹ̀ fún àlàyé nìkan. Ká ní ọgbọ̀n ọmọ kọ́ ìṣirò ní èdè Yorùbá, tí ọgbọ̀n mìíràn sì kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Tábìlì àkọ́kọ́ sọ pé ìpíndọ́gba ìsọ̀rí Yorùbá jẹ́ 58.4, ti ìsọ̀rí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ 54.0.

N ni iye àwọn tó wà nínú ìsọ̀rí. Mean ni ìpíndọ́gba. Std. Deviation ni ìwọ̀n ìfọ́nká, èyí tó ń sọ bí máàkì àwọn ọmọ ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ó jẹ́ 10.2 fún ìsọ̀rí kìíní, 9.8 fún ìkejì. Òwe náà pé ìka kò dọ́gba bá a mu gan-an: ọwọ́ kan náà ni gbogbo ìka wà, síbẹ̀ wọn kò ga bákan náà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ méjì yàtọ̀ síra, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ìka ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe yàtọ̀ síra tó.

Iṣẹ́ tí iye t ń ṣe nìyẹn. Ìyàtọ̀ ìpíndọ́gba méjèèjì jẹ́ 4.4. Kọ̀ǹpútà fi Std. Error Difference, tó jẹ́ 2.58, pín in, t sì di 1.70. Òpó Std. Error kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ṣe àṣìṣe. Bí ìpíndọ́gba ṣe lè yẹ̀ síwá sẹ́yìn nítorí pé ọmọ díẹ̀ ni a yàn ló ń wọ̀n. Bí olùtumọ̀ bá kọ àṣìṣe lásán, òǹkàwé yóò rò pé olùwádìí ṣì í ṣe. Ìwọ̀n ìyẹ̀síra ṣe kedere jù.

Orúkọ ìdánwò náà ní pàkúté tirẹ̀. Student tó wà nínú orúkọ rẹ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Orúkọ ìbòjú William Sealy Gosset ni, òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí Guinness ní Dublin, tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1908. “Ìdánwò t ti akẹ́kọ̀ọ́” jẹ́ àṣìtumọ̀. Ìdánwò t ti Student ni kí a kọ.

Sig. méjì ló wà

Nínú tábìlì kejì àwọn ẹ̀dà SPSS àtijọ́, òpó Sig. máa ń fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, tó wà lábẹ́ Levene, kò sọ ohunkóhun nípa ìpíndọ́gba. Ìfọ́nká ìsọ̀rí méjèèjì ló ń fi wéra. Bí ó bá ju 0.05 lọ, àṣà ni láti ka ìlà òkè. Bí ó bá kéré sí i, ìlà ìsàlẹ̀ ni a ń kà. R kì í béèrè èyí: ìdánwò t rẹ̀ kì í ka ìfọ́nká méjèèjì sí ọgbọọgba àfi bí a bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Sig. kejì ló kan ìpíndọ́gba. Nínú àpẹẹrẹ yìí ó jẹ́ 0.094. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, bí ọ̀nà ìkọ́ni méjèèjì kò bá yàtọ̀ rárá ní tòótọ́, ìgbà mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni àkọsẹ̀bá nìkan lè mú ìyàtọ̀ tó tó báyìí, tàbí tó jù ú lọ, wá. Kò túmọ̀ sí pé ó ku ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún kí ọ̀nà méjèèjì jẹ́ ọgbọọgba. Ààlà 0.05, tí ìwé Ronald Fisher ti ọdún 1925 sọ di gbajúmọ̀, kò ju ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún lọ. Àṣà ni, kì í ṣe òfin àdáyébá.

Bí kọ̀ǹpútà bá tẹ .000, a kò gbọ́dọ̀ kọ “òfo”. Nọ́ńbà náà ti kéré ju ohun tí àyè mẹ́ta lè gbà lọ ni, “ó kéré sí 0.001” ni kí a kọ.

“Pàtàkì” kọ́

Èyí ni àṣìlò tó wọ́pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà significant ní ìtumọ̀ mìíràn nínú ìṣirò. Ó ń sọ pé ìyàtọ̀ náà kọjá ohun tí àkọsẹ̀bá sábà máa ń mú wá. Kò sọ pé ó tóbi tàbí pé ó ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ máàkì kan péré lè kọjá àkọsẹ̀bá bí ọmọ tí a dán wò bá pọ̀ tó.

A kò gbọ́dọ̀ kọ: Ìyàtọ̀ pàtàkì wà láàárín ìsọ̀rí méjèèjì.
Ó sàn kí a kọ: Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìsọ̀rí méjèèjì kọjá àkọsẹ̀bá.

“Kò sí ìyàtọ̀” kọ́

Níwọ̀n bí 0.094 ti ju 0.05 lọ, ọ̀pọ̀ yóò kọ pé èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kò yàtọ̀ síra nínú ìkọ́ni. Ìṣirò kò sọ bẹ́ẹ̀. Òpó Lower àti Upper, ààlà ìsàlẹ̀ àti ti òkè, fi −0.77 àti 9.57 hàn. Ohun tí àwọn máàkì náà kò tako ni pé ìyàtọ̀ gidi lè jẹ́ òfo, ó sì lè lé ní máàkì mẹ́sàn-án. Àìrí ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀rí àìsí.

Ká ní ọgọ́fà ọmọ ló wà nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan dípò ọgbọ̀n, tí ìpíndọ́gba àti ìfọ́nká kò sì yí padà. t yóò di 3.41, Sig. yóò di 0.001, ààlà yóò sì wà láti 1.86 sí 6.94. Máàkì 4.4 kan náà ni. Ẹ̀rí ló pọ̀ sí i.

A kò gbọ́dọ̀ kọ: Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà ìkọ́ni méjèèjì.
Ó sàn kí a kọ: Àwọn máàkì yìí kò tó láti fi ìdí ìyàtọ̀ múlẹ̀.

Bákan náà, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí t lè sọ. Bí olùkọ́ kìíní bá ní ìrírí ju ìkejì lọ, ìyàtọ̀ náà lè wá láti ọ̀dọ̀ olùkọ́, kì í ṣe láti inú èdè. “Ìsọ̀rí tó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ gba máàkì jù” kò túmọ̀ sí “nítorí Yorùbá ni wọ́n ṣe gba máàkì jù”.

Ìsọ̀rí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ

Bí a bá fi gàrí Ìjẹ̀bú tí a rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin àti márùn-ún wéra láti mọ bí wọ́n ṣe kan sí, ANOVA ni a ń lò, F sì ni iye rẹ̀. Bí Sig. rẹ̀ bá kéré sí 0.05, ohun tó sọ kò ju pé ìpíndọ́gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dà bí ọgbọọgba lọ. Kò tíì sọ èyí tó yàtọ̀ sí èkejì. Ìdánwò àtẹ̀lé, irú ti Tukey, ni a fi ń fi wọ́n wéra ní méjì-méjì. “Gbogbo wọn yàtọ̀ síra” kò ṣeé kọ láti inú F nìkan.

Tún wo: àkọsẹ̀bá, àròpín, dọ́gba, ìfọ́nká, ìsọ̀rí, ìyàtọ̀, ọgbọọgba.